Ọjọ́ orí, ojú, àti afẹ́fẹ́: èwo gan-an ló ń mú kí táyà bẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Akóbọ̀ ju ohùn kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ le bíi ti oníwàásù inú bọ́ọ̀sì. Ó ní táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, ikú ló wà nínú rẹ̀. Ó ní oòrùn ilẹ̀ wa máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú táyà wú, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Ó tún ní tòkunbọ̀ láti Jámánì lágbára ju táyà tuntun lọ. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Ẹnì kan ń ya àwòrán táyà rẹ̀ fún wa, ẹnì kejì ń bèèrè ibi tí wọ́n kọ ọdún sí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń lọ Èkó ní ọjọ́ Ajé, kò bèèrè nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ó ti ní kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù sí 25.

Nínú ohun mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn sọ, àbọ̀ òótọ́ ni ti ọdún mẹ́rin, irọ́ ni ti tòkunbọ̀, ti afẹ́fẹ́ sì lè pa ènìyàn. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o. Awakọ̀ lásán ni mí. Táyà ti bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni mo sì ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà bí ẹni ń ka lẹ́tà ilé ẹjọ́.

Kí ló ru ọkọ̀ yín?

Kí n kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí màá máa lò. Ohun tí a ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní apá méjì: rímù, ìyẹn irin àárín, àti táyà, ìyẹn rọ́bà tó yí i ká. Fáàfù ni ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Géèjì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe le tó. Psi ni orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni àwa máa ń sọ fún fọkanáísà: “Ọ̀gá, ẹ fún mi ní 32.”

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé kì í ṣe rọ́bà ló ru ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló rù ú. Rọ́bà yẹn, pẹ̀lú òwú àti wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun sínú rẹ̀, àpò ni, tó di afẹ́fẹ́ náà mú kó má baà sá lọ. Ẹ wo àpò gaàrí. Tó bá kún dẹ́ńdẹ́, ènìyàn lè jókòó lé e. Tí wọ́n bá bu ìdajì rẹ̀, ó ti tẹ̀, ó ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ àpò kan náà ni.

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló so ẹ̀yin, aya, ọmọ àti ẹrù mọ́ ọ̀dà nígbà tí ẹ bá ń sá eré 100.

Kí ni àwọn nọ́ńbà ara táyà ń sọ?

Ẹ lọ bẹ ẹ̀gbẹ́ táyà Máíkírà kan wò ní gáréèjì. Ẹ lè rí 155/70R13 75T. 155 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 70 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti etí rímù dé ojú táyà, jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. R ń sọ bí wọ́n ṣe to òwú inú rẹ̀; òun náà lẹ máa rí lára táyà ọkọ̀ kéékèèké òde òní. 13 ni títóbi rímù ní íǹṣì. Tí fọkanáísà bá bi yín pé “13 ni àbí 14?”, rímù ló ń bèèrè.

Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn, 75T, ni ojú wa máa ń fò kọjá. 75 kì í ṣe kìlógíráàmù. Àmì ni, tó túmọ̀ sí pé táyà kan ṣoṣo lè ru kìlógíráàmù 387. Irú èyí tí a sábà máa ń rí lẹ́sẹ̀ Corolla, 195/65R15 tí wọ́n kọ 91 tẹ̀lé, lè ru 615. Lẹ́tà ń sọ eré tí táyà lè fara dà: T jẹ́ kìlómítà 190 ní wákàtí kan, H jẹ́ 210. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn wá àwíjàre. 100 ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fọwọ́ sí fún ọkọ̀ aládàáni ní òpópónà márosẹ̀, 50 láàárín ìlú.

Ọ̀rọ̀ kìlógíráàmù yẹn ló yẹ kó ká wa lára ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà mọ Máíkírà tó gbé èrò méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n fi okùn so bùútù rẹ̀ nítorí àpò gaàrí tó yọ síta. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pé ni 387 yẹn jẹ́ òótọ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín ni ẹrù tí táyà lè rù ń dín.

Tí ẹ bá ń ra táyà ní Aráròmí, ní Géètì, ẹ má sọ nọ́ńbà rímù nìkan kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ délẹ̀, títí kan 91 tàbí 75, nítorí ohun tó bá wà nílẹ̀ ni oníṣòwò á gbé fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá.

Ọdún mẹ́rin: níbo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?

Wọn kì í kọ ọjọ́ tí táyà máa kú sára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára páálí oògùn. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n ń kọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan á tẹ̀lé e. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ẹ fẹ́. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ìyẹn oṣù kẹfà. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló gbẹ̀yìn, ẹ má wulẹ̀ ṣírò mọ́, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé.

Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin náà sí. Tí fọkanáísà bá ti kọjú ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú, ẹ̀yin á yí ọkọ̀ po títí, ẹ ò ní í rí i, àfi kí ẹ yọ orí sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ṣe ìdajì àwọn ẹbí mi ní ọjọ́ Sátidé yẹn nìyẹn. Ẹnì kan ti ń pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà ni FRSC máa ń sọ fún awakọ̀ ní Nàìjíríà. (Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní Májà-májà. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀.) Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní òkèèrè ń sọ ọdún mẹ́fà. Michelin, tó ń ṣe táyà, ní tirẹ̀ sọ pé tí táyà bá ti lo ọdún márùn-ún lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tó bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n yọ ọ́ bó ti wù kó rẹwà tó.

Èwo wá ni ká gbà? Ẹ rántí rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so owó. Ẹ fi ọ̀kan sínú dúrọ́ọ̀, ẹ sá èkejì sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Èyí tó wà lójú oòrùn á ti le, á ti máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nígbà tí ti inú dúrọ́ọ̀ ṣì ń nà. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ àyíká àti ìtànṣán oòrùn ni ó ń sọ rọ́bà di gbígbẹ, tí á sì máa sán. Táyà tó lo ọdún mẹ́fà nínú gáréèjì tó ní òrùlé nílùú tútù kò lè rí bí èyí tó lo ọdún mẹ́fà lójú oòrùn Mọ́níyà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá FRSC jà lórí ọdún mẹ́rin. Tí wọ́n bá dá yín dúró, òun ni wọ́n máa kà fún yín.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé táyà “tuntun” lè ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà wa ń gbà wá. Ó lo oṣù mélòó kan nínú ọkọ̀ ojú omi àti ní èbúté, ó tún lo ọdún kan tàbí méjì lójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tò ó jọ bí agbada. Bébà aláwọ̀ mèremère ṣì wà lójú rẹ̀. Tuntun ni lóòótọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó. Ẹ ka DOT kí ẹ tó na owó.

Ìgbà wo ni ojú táyà tó pààrọ̀?

Ojú táyà ni ibi tó ń kan ilẹ̀, tó ní ilà jíjìn káàkiri. Nítorí omi ni wọ́n ṣe la àwọn ilà yẹn. Tí òjò bá rọ̀, àwọn ni gọ́tà tí omi ń gbà jáde kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Ẹni tó bá ti wọ sálúbàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán rìn lórí táìsì tó tutù mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ilà bá ti tán, omi á wọ àárín táyà àti ilẹ̀, ọkọ̀ á sì léfòó. Ẹ yí sítíárìn, kò ní í dáhùn; ẹ tẹ búrékì, ó kàn ń yọ̀ lọ ni.

Ẹ wo inú ilà jíjìn yẹn dáadáa. Ẹ máa rí àwọn kókó rọ́bà kékeré tó dábùú rẹ̀. Mìlímítà 1.6 ni gíga wọn. Nígbà tí ojú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú wọn, ó ti tán nìyẹn, bí DOT rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún tó kọjá.

Bó ṣe jẹ náà ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ àárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ etí méjèèjì, afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Etí kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé kí wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dúró gbọọrọ.

Ẹ tún fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá bọ́ sínú kòtò kan ní Òjóò, tí táyà sì yọ bíi ojú eéwo lẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà àti òwú inú rẹ̀ ti já níbẹ̀. Kò sí àtúnṣe. Ìṣó tó wọ ojú táyà, fọkanáísà lè yọ ọ́ kó sì dí i. Ṣùgbọ́n ihò ẹ̀gbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i fún yín, nítorí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù lọ bí táyà bá ń yí.

Ṣé ká dín afẹ́fẹ́ kù nítorí oòrùn?

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyí, torí ó ti wọ awakọ̀ ilẹ̀ yìí lára. Wọ́n rò ó báyìí: afẹ́fẹ́ máa ń wú bó bá gbóná, ọ̀nà gbóná, nítorí náà táyà máa wú títí á fi bẹ́ bíi fèrè ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọn ò bèèrè ibi tí ooru ti ń wá.

Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ní ojú kan náà. Kó tó di ìgbà ogún, ojú ibẹ̀ á ti gbóná, kò sì ní í pẹ́ tó máa kán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ táyà rí. Gbogbo ìgbà tí ibì kan lára táyà bá yí dé ilẹ̀, ó máa tẹ̀. Bó bá kúrò nílẹ̀, ó máa nà padà. Tí afẹ́fẹ́ bá pé, ó tẹ̀ díẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, ó tẹ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ Corolla tí mo mẹ́nu bà lókè máa ń yí tó ìgbà 500 ní kìlómítà kan. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lé ní kìlómítà 120. Ẹ fi ṣe ìṣirò: kí ẹ tó dé Bẹ́gà, ẹ̀gbẹ́ táyà kan á ti tẹ̀, á ti nà, ní ohun tó tó ìgbà 60,000. Títẹ̀ yìí gan-an ni orísun ooru tó ń ba táyà jẹ́. Oòrùn kàn ń bù kún un ni. Bí ooru náà bá ti pọ̀ jù, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò lára wáyà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn awẹ́ rọ́bà dúdú gígùn tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ ń pè ní awọ ejò, ojú táyà tó ṣí kúrò lára egungun rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, ẹni tó dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà má baà gbóná ti dá ooru kún ooru.

Kí ni oòrùn wá ń ṣe? Ó ń ṣe díẹ̀. Táyà tó ka 32 láàárọ̀ lè ka 35 tàbí 36 lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan. Àwọn tó ṣe táyà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ pé ó lè gbà tó 44 tàbí 51. Sí táyà tí ara rẹ̀ dá, 36 kì í ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n 44 yẹn náà ti kó àwọn mìíràn sí wàhálà. Wọ́n rí i lára táyà, wọ́n ní ohun tí táyà fẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ní kí fọkanáísà fún un ní 44. Rárá o. Ibi tí ó lè dé ni wọ́n kọ, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Ìkòkò tó lè gba kọ́ńgò mẹ́wàá kò ní kí ẹ se kọ́ńgò mẹ́wàá fún ènìyàn méjì. Táyà tó le jù máa ń ta pọ́n-ún lórí gbogbo gálọ́ọ̀pù, ìwọ̀nba ojú rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, búrékì kì í sì mú dáadáa.

Nọ́ńbà tó yẹ wà lára ọkọ̀, kì í ṣe lára táyà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Bébà kan wà níbẹ̀ tó sọ iye ti iwájú àti iye ti ẹ̀yìn, nígbà mìíràn ó tún ń sọ iye tó yẹ bí ọkọ̀ bá kún fún èrò àti ẹrù. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ó máa ń wà láàárín 29 sí 35. Tí ẹni tó kun ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín bá ti kùn bo bébà náà, ẹ wò ó nínú ìwé ọkọ̀ tàbí kí ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀.

Ìgbà tí táyà bá tutù ni iye yẹn wúlò: ọkọ̀ tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, tàbí tí kò tíì rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ má fi tòwúrọ̀ wé tọ̀sán. Ẹni tó bá dúró ní Ògèrè, tó rí 36, tó sì tú u kù sí 32 níbẹ̀ nígbà tó gbóná, á bá 28 lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì nígbà tó bá tutù.

Ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n. Táyà òde òní máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ pé, nítorí náà 24 àti 32 jọra lójú. Gbígbá ẹsẹ̀ mọ́ ọn náà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí fọkanáísà ti gbá a fún ogún ọdún. Mi ò sì fi gbogbo ara gba géèjì tirẹ̀ gbọ́: ó ti já bọ́ sílẹ̀ láìmọye ìgbà, òjò pa á, oòrùn pa á. Ẹ ra tiyín. Èyí tó rí bíi bírò kò wọ́n, ó gba inú àpò. Táyà tí ara rẹ̀ dá pàápàá máa ń pàdánù nǹkan bíi psi kan lóṣù láìjẹ́ pé ó jò, torí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, àti ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò.

Naitirojíìnì tí wọ́n ń tà láwọn ibì kan ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti jẹ́ naitirojíìnì tẹ́lẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n èmi ò ní í san owó fún un.

Ṣé tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ?

Táyà tòkunbọ̀ wà nínú àkójọ ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà á, owó ni. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni ìdí tí òyìnbó fi yọ ọ́ sọnù. Òun náà ka DOT, òun náà wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ó tó àkókò. Àwọn tó ń tà á níbí á fi nǹkan dúdú kùn ún, á máa dán gbinrin.

Òmíràn tún wà tó burú jù ú lọ. Ní Jámánì, wọ́n ní táyà ìgbà òtútù. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, nítorí ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 7 lórí Celsius lọ ni wọ́n ṣe é fún. Àmì rẹ̀ ni àwòrán òkè oníṣóńṣó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹni tó bá gbé e wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn dà bí ẹni tó wọ súwẹ́tà lọ sí Dùgbẹ̀ ní oṣù kẹta. Rọ́bà á rọ̀ ju bó ti yẹ lọ lórí ọ̀dà gbígbóná, á máa tètè jẹ, kò sì ní í di ilẹ̀ mú dáadáa. Ilà rẹ̀ máa ń jìn, ìyẹn ló ń tan oníbàárà jẹ: “Ẹ wo ojú rẹ̀, bọ̀dá, ojú rẹ̀ ṣì pé!”

Méjì tuntun: iwájú ni àbí ẹ̀yìn?

Tí owó táyà méjì péré bá wà lọ́wọ́, ẹ̀yìn ni ẹ fi tuntun sí. Mo mọ̀ pé fọkanáísà yín á bá yín jiyàn. Ìdí rẹ̀ ni pé tí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á kàn kọ̀ láti yà. Tí ẹ bá dẹ ẹsẹ̀ lórí ìtẹ̀ eré, ó lè padà. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí àwọn méjì tó jọ wà níwájú, tàbí tó jọ wà lẹ́yìn, sì jẹ́ irú kan náà.

Bó bá bẹ́ ńkọ́?

Ti ẹ̀yìn ló bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbọ́ bíi ìbọn, ìdí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo ara mi ló ní kí n tẹ búrékì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ti wa tírélà rí, ló pariwo pé “Fi búrékì sílẹ̀!” Mo gbà á gbọ́, bóyá torí bó ṣe pariwo ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú gírígírí kí ọkọ̀ má kúrò lójú ìlà rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ eré díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dín eré kù. Ìgbà tó bá ti ń rìn jẹ́jẹ́ ni kí ẹ tó tẹ búrékì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ tan iná, kí ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá. Ẹni tó bá tẹ búrékì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti sọ ẹsẹ̀ tó bẹ́ di ìdákọ̀ró, ọkọ̀ á sì yí mọ́ ọn.

Eré ló ń pinnu bóyá gbogbo èyí máa ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Nígbà tí FRSC ṣe ìwádìí, eré àsápajúdé àti táyà tó bẹ́ ni wọ́n tọ́ka sí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday mo mú géèjì mi, mo lọ sí Akóbọ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì dúró tì mí pẹ̀lú abọ́ ìpápánu lọ́wọ́. Mo fi bébà òpó ilẹ̀kùn hàn wọ́n: 32 níwájú, 32 lẹ́yìn. Tiwọn ka 25, 25, 24, àti 21; ọ̀kan ti ń jò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. DOT mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta. A ṣí bùútù, a wo sípíà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, géèjì mi ka 8. “Èmi ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé ó wà níbẹ̀,” ni wọ́n wí. Fọkanáísà àdúgbò ṣì wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó yọ ìṣó kékeré kan lójú èyí tó ń jò, ó dí i, ó sì fún gbogbo wọn ní 32, títí kan sípíà. Ó ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin nítorí géèjì tí mo mú dání.

Ní ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mi dún. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, láti Bẹ́gà.

“Mo ti dé o. Mo ra géèjì kan lójú ọ̀nà, mo sì wọ̀n ọ́n. Ó ń ka 36! Ṣé kí n tú u díẹ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọwọ́ kàn án.”